Mítà iná fún ṣọ́ọ̀bù: Èwo ló yẹ kí ẹ gbà, ta ni yóò sì pààrọ̀ rẹ̀ bó bá bàjẹ́?

Bí ẹ bá bá àwọn oníṣòwò kéékèèké sọ̀rọ̀ mítà iná ní Agbówá, Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé èló ni wọ́n ń tà á. Wọ́n á sanwó, wọ́n á dúró de àwọn tó máa wá gbé e kọ́, bí iná bá sì ti tàn, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ìgbà tí mítà bá kọ̀ láti gba nọ́ńbà, tàbí tí ojú rẹ̀ bá ṣókùnkùn lójijì, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń bèèrè pé ta ni yóò tún un ṣe, àpò ta ni owó yóò sì ti jáde. Lásìkò yẹn, ẹja inú fírísà ti ń yọ́, oníbàárà sì ti gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ.

Ohun méjì la fẹ́ là yé ẹ̀yin oníṣòwò lónìí. Èkíní ni bí ẹ ó ṣe mọ irú mítà tó bá òwò yín mu. Èkejì ni ohun tí ìlànà ìjọba sọ nípa mítà tó bàjẹ́ láì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń san owó tí kò yẹ kí wọ́n san nítorí pé wọn kò mọ èkejì yìí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2024

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀rọ̀ tó kan àwọn ará Ìkòròdú gbọ̀ngbọ̀n. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Ikeja Electric, tó ń pín iná fún Ìkòròdú àti ọ̀pọ̀ àdúgbò mìíràn ní ìpínlẹ̀ Èkó, sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ tó ń lo mítà Unistar pé mítà náà kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ilé-iṣẹ́ náà ní kí wọ́n lọ gba mítà tuntun lábẹ́ ètò tí oníbàárà fi ń san owó mítà fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí bí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú. Mítà tí wọ́n ń lò kò fọ́, wọn kò sì fọwọ́ kàn án. Kí ló dé tí wọn yóò fi tún sanwó?

Àjọ FCCPC, tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ láti máa gbèjà àwọn oníbàárà, dá sí ọ̀rọ̀ náà. Àjọ náà sọ pé oníbàárà kọ́ ló yẹ kó ru ẹrù owó mítà tí ilé-iṣẹ́ bá ní kò wúlò mọ́, àti pé wọn kò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ kó ẹnikẹ́ni padà sí bíìlì àfojúbù. Ohun tí wọ́n gbára lé ni àṣẹ tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní Nàìjíríà, ti pa láti ọdún 2021 nípa bí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná yóò ṣe máa pààrọ̀ mítà tó bàjẹ́ àti èyí tó ti gbó.

Ẹ̀yin oníṣòwò lè máa bi ara yín pé kí ló ṣe mítà tó ń ṣiṣẹ́ lánàá tó fi wá di aláìwúlò. Ọjọ́ ló fà á. Àwọn mítà tí à ń fi nọ́ńbà ogún sí nínú máa ń wo àkókò tí wọ́n ṣe nọ́ńbà náà. Wọ́n ń ka ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1993. Ààyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún òǹkà yìí nínú mítà kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógún ó lé díẹ̀ lọ, ó sì kún ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2024. Káàkiri àgbáyé, gbogbo mítà irú èyí ló ní láti gba àkànṣe nọ́ńbà méjì kí òǹkà náà lè bẹ̀rẹ̀ padà. Èyí tí kò bá lè gbà á, a jẹ́ pé ó ti dẹ́kun iṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé mítà lè dojú kọ ìṣòro tí kò ní ọwọ́ oníbàárà nínú rárá. Ẹni tó bá mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ nìkan ni kò ní sanwó lẹ́ẹ̀mejì.

Fésì kan tàbí fésì mẹ́ta?

Kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù mítà, ẹ kọ́kọ́ ṣírò iná tí òwò yín ń jẹ. Ara ohun èlò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń kọ iye wáàtì rẹ̀ sí. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì ro ó pọ̀.

Ká ní ẹnìkan ń ta ẹja dídì, ó ní fírísà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ 200 wáàtì, ó ní fáànù kan àti gílóòbù mẹ́rin. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò lè ju 600 wáàtì lọ. Mítà oníféṣì kan tí wọ́n kọ 60A sí lójú lè gbé tó nǹkan bíi 13,800 wáàtì bí iná bá pé 230 fóòtì. Ẹni yìí kò nílò fésì mẹ́ta rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni onígbàjámọ̀, aránṣọ, ẹni tó ń ta oògùn, àti ẹni tó ń ṣe fọ́tókọ́pì.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń lo mọ́tò ńlá ló yàtọ̀. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìlọta tàbí ẹ̀rọ ìrẹ gbágùúdá tó ń lo agbára ẹṣin mẹ́wàá, ẹ̀rọ náà ń jẹ nǹkan bíi 7,460 wáàtì nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, àmọ́ nígbà tó bá ń gbéra, ohun tó ń fà lè jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́pọ̀ ìlọ́po. Púpọ̀ nínú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ló sì jẹ́ pé fésì mẹ́ta ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn wẹ́dà tó ń lo ẹ̀rọ ńlá, àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì, àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, àwọn tó ní yàrá yìnyín ńlá, mítà oníféṣì mẹ́ta ló yẹ wọ́n.

Ẹ má ṣe gba fésì mẹ́ta nítorí àṣehàn tàbí nítorí pé ẹnìkan sọ fún yín pé bí fésì kan bá lọ, ẹ ó máa yí sí òmíràn. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Nígbà tí NERC fọwọ́ sí iye tuntun ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, mítà oníféṣì kan di ₦81,975.16, ti oníféṣì mẹ́ta sì di ₦143,836.10, láì tíì ka owó orí ọjà mọ́ ọn. Ní ọdún 2021, ₦58,661.69 àti ₦109,684.36 ni wọ́n. Láti ọdún 2024 ni NERC ti yọwọ́ kúrò nínú dídá iye lé mítà, tó fi jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń pèsè mítà ló ń dá iye tirẹ̀. Nítorí náà, ẹ bèèrè iye lọ́dọ̀ ju ẹnìkan lọ kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta tí mítà ń gbà dé ọwọ́ yín

Kì í ṣe gbogbo mítà lẹ ó sanwó fún. Èyí ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wádìí.

Ọ̀nà kìíní ni ètò MAP tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2018. Lábẹ́ ètò yìí, àwọn ilé-iṣẹ́ kan ló gbàwé àṣẹ láti máa pèsè mítà, láti máa gbé e kọ́ àti láti máa tọ́jú rẹ̀. Oníbàárà á sanwó, wọ́n á sì máa dá owó náà padà fún un díẹ̀díẹ̀ nípa fífi iná kún èyí tó bá rà. Ìlànà náà sọ pé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá tí oníbàárà bá ti sanwó, mítà gbọ́dọ̀ ti wà lára ilé.

Ọ̀nà kejì ni ètò ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nínú èyí tí wọ́n pín mítà fún àwọn èèyàn láì gba owó lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀nà kẹta ni èyí tí ìjọba fi owó tó yá lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé ṣe, tó jẹ́ 500 mílíọ̀nù dọ́là. Nígbà tí àwọn mítà náà ń wọlé lọ́dún 2025, mínísítà fún ọ̀rọ̀ iná mànàmáná nígbà náà, Adébáyọ̀ Adélabú, sọ ọ́ ní gbangba pé ọ̀fẹ́ ni wọn yóò gbé e kọ́ fún oníbàárà, àti pé òṣìṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ gba owó lórí rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá dé ṣọ́ọ̀bù yín pé ẹ mú owó mítà wá, ẹ bi í léèrè pé abẹ́ ètò wo ni mítà náà wà. Bó bá jẹ́ ti MAP, ilé-iṣẹ́ lẹ ó san owó fún, kì í ṣe òṣìṣẹ́ tó dúró níwájú yín. Bó bá jẹ́ ọ̀fẹ́, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ sì ṣọ́ra fún mítà orí àtẹ. Mítà kì í ṣe gílóòbù tí a lè rà lọ́jà ká ní kí oníṣẹ́ iná bá wa so ó. Nọ́ńbà tí ẹ ń fi sínú mítà, ti mítà yẹn nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Bí orúkọ mítà kò bá sí nínú ìwé ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ládùúgbò yín, kò sí bí ẹ ó ṣe rí iná rà sí i. Owó gbé nìyẹn, wọ́n sì tún lè pè yín ní olè iná.

Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé, ọ̀rọ̀ tún kù. Mítà á dúró sára ilé nígbà tí ẹ bá kó lọ, ibẹ̀ náà sì ni iná tí wọ́n fi ń san owó yín padà yóò máa wọlé sí. Ẹ bá onílé sọ ọ́ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì jẹ́ kó wà nínú ìwé: ṣé yóò yọ ọ́ nínú owó ilé, àbí yóò san ìyókù fún yín lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ? Ẹ bèèrè pẹ̀lú bóyá ẹni tó lo ṣọ́ọ̀bù náà ṣáájú yín jẹ gbèsè iná sílẹ̀.

Gàráńtì: owó yín kọ́ ló ni mítà

Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu nìyí. Bí ẹ bá tilẹ̀ san gbogbo owó mítà, dúkìá tó wà fún iṣẹ́ pípín iná ni, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń dá owó náà padà. Ẹ kò lè tú u, ẹ kò lè gbé e lọ sí ibòmíràn, ẹ kò sì lè fún oníṣẹ́ iná àdúgbò pé kó bá yín tún un ṣe.

Àmọ́ bí ọ̀bẹ ṣe mú níhà kan náà ló mú níhà kejì. Bí kì í bá ṣe ọwọ́ yín ló bà á jẹ́, àtúnṣe rẹ̀ kò sí lọ́rùn yín. Ìlànà MAP ti ọdún 2018 sọ pé tí mítà bá bàjẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méjì, àyàfi bí ó bá hàn gbangba pé oníbàárà ló fà á.

Ọ̀rọ̀ “àyàfi” yìí ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyí lè sọ ẹ̀tọ́ yín nù: kí èdìdì ara mítà ti já, kí wáyà kan gba ẹ̀yìn mítà kọjá, kí jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà ti wà lára rẹ̀ lọ́nà tí iná ń padà sínú mítà, tàbí kí òjò ti máa rọ̀ sí i nítorí pé ẹ ní kí wọ́n gbé e síbi tí kò yẹ. Ní àgbègbè ọ̀sà bíi tiwa, tí ọ̀rinrin pọ̀, ẹ rí i pé bọ́ọ̀sì mítà pa dé dáadáa, kó sì ga sókè ju ibi tí omi òjò lè dé.

Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé mítà kọ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀rí jọ. Ẹ ya fọ́tò mítà, kí nọ́ńbà rẹ̀ àti èdìdì rẹ̀ hàn. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé tí ẹ fọwọ́ sí. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹni tó gbé e kọ́. Ẹ tọ́jú rìsíìtì, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú fóònù. Òfin tí wọ́n fi dá FCCPC sílẹ̀ lọ́dún 2018 sọ pé ẹni tó bá tajà gbọ́dọ̀ fún oníbàárà ní àkọsílẹ̀ ohun tó rà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé rìsíìtì ń bọ̀.

Bí ẹ ó ṣe dán mítà wò fúnra yín

Kì í ṣe mítà tó kú nìkan ló ń fa àdánù. Èyí tó ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ ló burú jù, nítorí pé ó ń jẹ yín díẹ̀díẹ̀ láì pariwo. Ẹ jẹ́ ká fi ₦225 ṣírò, iye tí yúníìtì kan jẹ́ fún àwọn tó wà ní Band A ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí wọ́n gbé e kúrò ní ₦68. Ká ní ṣọ́ọ̀bù kan ń lo 300 yúníìtì lóṣù, àmọ́ tí mítà ń kà á sí 360. Yúníìtì 60 tó lé yẹn jẹ́ ₦13,500 lóṣù. Lọ́dún, ó di ₦162,000, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ra mítà oníféṣì kan méjì ní iye ọdún 2023.

Ẹ wo ojú mítà, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ “imp/kWh” sí. Bó bá jẹ́ 1000 ni wọ́n kọ, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé iná pupa kékeré tó wà lójú rẹ̀ yóò ṣẹ́jú ní ìgbà 1,000 kí yúníìtì kan tó tán.

Àkọ́kọ́, ẹ pa súìṣì ńlá tó ń gbé iná wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iná pupa yẹn kò gbọdọ̀ ṣẹ́jú. Bó bá ń ṣẹ́jú, ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ń fa iná láàárín mítà àti súìṣì yín, tàbí kí mítà náà ní àbùkù.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ gbogbo nǹkan kúrò lára iná, kí ẹ sì tan kẹ́tùlù oníná kan tó jẹ́ 2,000 wáàtì, tí omi kún inú rẹ̀. Ẹ ka iye ìgbà tí iná pupa ṣẹ́jú fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó yẹ kó tó nǹkan bí 100. Bí iná bá rẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, iye yẹn yóò dín, ìyẹn kò sọ pé mítà bàjẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé iná ga díẹ̀, yóò lé díẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tó sì ń ju 130 lọ nígbà gbogbo, ẹ ní ìdí láti ké sí ilé-iṣẹ́ pé kí wọ́n wá yẹ mítà náà wò. Ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀, nítorí pé fídíò kì í gbàgbé.

Bí mítà bá bàjẹ́, ibo lẹ ó gbà?

Ẹ kọ lẹ́tà tàbí ímeèlì sí ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná fún yín lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi mọ sí ìpè lórí fóònù nìkan. Ẹ kọ nọ́ńbà mítà, ọjọ́ tó bàjẹ́, ohun tó ń ṣe àti ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe. Ẹ gba nọ́ńbà tí wọ́n fi gba ẹjọ́ yín wọlé. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹjọ́ sùn ni wọn yóò máa kà láti ibẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí mítà kú.

Bí wọ́n bá fẹ́ yọ mítà tó bàjẹ́ lọ, ẹ bèèrè pé òmíràn tí yóò rọ́pò rẹ̀ dà. Ohun tí NERC ń tẹnu mọ́ ni pé bí wọ́n ṣe ń yọ ti àtijọ́ ni kí wọ́n gbé tuntun kọ́, kí oníbàárà má baà bọ́ sọ́wọ́ bíìlì àfojúbù. Ẹ kọ iye yúníìtì tó ṣẹ́ kù nínú mítà sílẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n lè dá a padà fún yín.

Bí ilé-iṣẹ́ náà kò bá dáhùn, ó ti wá yàtọ̀ díẹ̀ nípìńlẹ̀ Èkó. Látìgbà tí òfin iná mànàmáná ti ọdún 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ lágbára lórí ọ̀rọ̀ iná, Èkó ṣe òfin tirẹ̀ lọ́dún 2024, NERC sì kéde ní oṣù kejìlá ọdún náà pé òun ń fa iṣẹ́ àbójútó lé ìjọba ìpínlẹ̀ lọ́wọ́. Àjọ tó ń ṣe iṣẹ́ náà báyìí ni LASERC. Ibẹ̀ ni kí ẹ gbé ẹ̀dà lẹ́tà yín lọ, kí ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ wọn èwo nínú àwọn ìlànà NERC ni wọ́n ṣì ń tẹ̀lé. Ọ̀rọ̀ tó bá jẹ mọ́ ìrẹ́jẹ nínú owó, bí wọ́n bá ní kí ẹ tún san owó mítà lẹ́ẹ̀kejì, ẹ lè gbé e lọ sọ́dọ̀ FCCPC, tàbí LASCOPA tó jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó.

Bí ẹ bá pọ̀ lójú kan náà tí ìṣòro yín jọra, ẹ fọwọ́ sí lẹ́tà kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà tàbí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ lè bá yín kọ ọ́. Ìkà kan kò lè ṣẹ́ iná orí.

Ní kúkúrú, kí ẹ tó sanwó mítà, ẹ mọ iye wáàtì yín, ẹ mọ ètò tí mítà wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ gba rìsíìtì, ẹ ya fọ́tò èdìdì. Bí mítà bá dé, ẹ dán an wò, ẹ má sì jẹ́ kí oníṣẹ́ iná kankan fọwọ́ kàn án. Bó bá wá di ọjọ́ kan tó dákẹ́, ìwé tí ẹ ti kó jọ ni yóò gba ẹnu yín sọ̀rọ̀ níwájú ilé-iṣẹ́ náà.